Lẹ́tà ṣíṣí sí Adájọ́ Àgbà Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀: ẹ bi páténtì léèrè ọ̀rọ̀ kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù pa

Sí Adájọ́ Àgbà,
Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ti Nàìjíríà,
Àbújá.

Olúwa wa,

A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí jẹ́ oníṣẹ́ irin tó ń ṣe ẹ̀rọ gàrí káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ṣàgámù, pẹ̀lú àwọn lọ́yà tí a jọ ń ka òfin tó de iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ páténtì la bá wá. Páténtì ni ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó húmọ̀ ohun tuntun, pé fún 20 ọdún, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é, kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ kó o wọ̀lú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. A ò bá ìwé yẹn ṣọ̀tá. Ẹni tó ronú jinlẹ̀, tó rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, ó tọ́ kó jèrè ọpọlọ rẹ̀, àwọn tó yẹ kó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì wà láàárín wa. Ohun tó ń dùn wá ni agbára tí ìwé náà ń ní nígbà tó bá dé kóòtù: ó lè ti ilẹ̀kùn oníṣẹ́ pa kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ tuntun.

Ìdí rẹ̀ wà nínú òfin fúnra rẹ̀. Òfin Páténtì àti Dìsáìnì ti 1970, tó jẹ́ orí P2 (Cap P2) nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004, sọ ní abala 1 pé ìhùmọ̀ tó bá máa gba páténtì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó ti inú ìrònú gidi jáde, kó sì ṣe é lò nínú iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ilé iṣẹ́ ńlá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo abala 4. Ohun tí òfin ní kí ọ́fíìsì páténtì l'Ábùjá yẹ̀ wò ni bébà: ṣé fọ́ọ̀mù pé, ṣé àlàyé àti àwòrán wà níbẹ̀, ṣé owó ti wọlé. Bí wọ́n bá ti pé, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní páténtì láìtún wádìí bóyá nǹkan náà jẹ́ tuntun rárá. Abala kan náà fi kún un pé ewu ẹni tó gba páténtì ni, ìjọba kò ṣe onídùúró fún un pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ará Ìjẹ̀bú tàbí ará Rẹ́mọ tí kò mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ká ní ẹnìkan jókòó sí yàrá rẹ̀, ó ya ìwé sọ́fè, ó kó o lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó dé orí ilẹ̀, kò sẹ́ni tó bi àwọn tí wọ́n jọ pààlà, kò sẹ́ni tó wo ibi tí pèrègún wà. Bí ó bá gbé ìwé náà wá sí kóòtù, adájọ́ kankan kò ní lé ìdílé tó ń dáko níbẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà. Irú ìwé yẹn gan-an ni páténtì wa. Ní Amẹ́ríkà, Jámánì àti Japan, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì páténtì máa ń tú ìwé àtijọ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìhùmọ̀ kan, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe àṣìṣe. Tiwa kò ní ìpele yẹn. Adájọ́ yín ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bi páténtì léèrè ọ̀rọ̀. Bí òun náà kò bá bi í, kò sẹ́ni tí yóò bi í mọ́.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi ń bàjẹ́ kò ṣòro láti tọ́ka sí. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, ní abala 251, fi ẹjọ́ páténtì sí ọwọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ nìkan. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí wa kò lè gbọ́ ọ, májísíréètì kò lè gbọ́ ọ. Olùpẹ̀jọ́ yóò kó ìwé ìpẹ̀jọ́ síwájú adájọ́, yóò sì tún kó ìwé ẹ̀bẹ̀ kejì dání, èyí tí wọ́n ń gbọ́ láìpe ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ kò pọ̀: ìwé ìbúra, ẹ̀dà páténtì tí òǹtẹ̀ ìjọba hàn lára rẹ̀ ketekete, àti fọ́tò ẹ̀rọ tí olùjẹ́jọ́ ń tà. Adájọ́ rí òǹtẹ̀, ó rí ẹ̀rọ méjì tó jọra, ó fọwọ́ sí àṣẹ. Bélífù àti ọlọ́pàá yóò dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á kó ẹ̀rọ, wọ́n á kó àwòrán iṣẹ́, wọ́n á kó irin tí wọ́n ti gé sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí níbi iṣẹ́ gàrí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú kì í dúró de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, kò ní ṣe gàrí tó dáa mọ́. Àwọn obìnrin tó ti san àsansílẹ̀ fún ẹ̀rọ, tí àgbẹ̀ ti já ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ fún, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń jẹ gbèsè, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n lẹ́jọ́. Oníṣẹ́ irin fúnra rẹ̀ á máa gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ sí Abẹ́òkúta ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú, owó mọ́tò tirẹ̀, owó lọ́yà tirẹ̀. Òfin Ìpìlẹ̀ fún adájọ́ ní 90 ọjọ́ láti dájọ́ lẹ́yìn tí àwọn lọ́yà bá ti sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ṣùgbọ́n kò sí iye ọjọ́ kankan fún ọ̀nà jíjìn tó ṣáájú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn. Nígbà tó bá yá, oníṣẹ́ á lọ bá olùpẹ̀jọ́ lábẹ́lé, á sanwó kó lè ṣílẹ̀kùn. Kì í ṣe pé ó jẹ̀bi. Kò lágbára láti dúró de òtítọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti yanjú apá kan nínú èyí láti 1989, nínú ẹjọ́ Kotoye àti CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà. Ó ní àṣẹ tí wọ́n gbà láìpe ẹnìkejì wà fún ohun kánjúkánjú tí kò lè dúró rárá, àti pé ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ ìdádúró, ìyẹn àṣẹ pé kí ẹnìkejì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró, gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun á san owó ìpalára bó bá hàn pé kò yẹ kó gbà á. Ẹ̀rọ tó ti ń rin ẹ̀gẹ́ lójúde láti ọdún méjì, kí ni kánjúkánjú inú rẹ̀? Ìlérí tí wọ́n sì ń kọ sínú ìwé ìbúra, tí kò sí kọ́bọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, kò lè san owó ẹ̀gẹ́ tó jẹrà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ náà kalẹ̀ ká tú u wò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó tóbi jù wà. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ní férémù tí wọ́n fi áńgù áyọ́nù jó. Lórí férémù ni ẹnu tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí wà. Lábẹ́ ẹnu yìí ni ìlù kan wà, tí wọ́n fi igi tàbí irin ṣe. Wọ́n á fi ìṣó lu páànù ní ihò kéékèèké, ní ìlà ní ìlà, wọ́n á wá fi we ìlù náà, ẹ̀yìn tó rí gbágungbàgun sí ìta, kó lè máa họ ẹ̀gẹ́. Ṣáàfùtì gba àárín ìlù kọjá, ó jókòó sórí béárìn méjì, púlì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, bẹ́líìtì sì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, tó sábà máa ń jẹ́ agbára ẹṣin 5 sí 8. Ní iwájú ìlù ni pákó tàbí irin kan wà, tí àlàfo tó wà láàárín òun àti ìlù ń pinnu bí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ náà ṣe máa kúnná tó. Gàrí Ìjẹ̀bú fẹ́ kó kúnná, nítorí náà àlàfo yẹn ló ń fún oníṣẹ́ ní wàhálà jù: bó bá fẹ̀ jù, ẹ̀gẹ́ á máa bọ́ ní wóróworó, bó bá há jù, páànù á máa ha pákó, ihò rẹ̀ á sì kú kíá.

Ká wá ní ẹnìkan gba páténtì lórí irú ẹ̀rọ yìí. Òpin ìwé rẹ̀ ni àwọn gbólóhùn tó fi pààlà wà, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní kíléèmù. Ká ní ó kọ nǹkan márùn-ún síbẹ̀: ẹnu ìdásí, ìlù tí páànù oníhò wé, ṣáàfùtì lórí béárìn méjì, bẹ́líìtì láti ara ẹ́ńjìnnì, àti ìkarùn-ún, sìkúrù kan tí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ lè yí láti fẹ àlàfo tàbí fún un pọ̀ láìtú ẹ̀rọ. Abala 6 òfin náà sọ pé àwọn gbólóhùn ààlà yìí ló ń pinnu ibi tí ẹ̀tọ́ onípáténtì mọ, àlàyé àti àwòrán kàn wà láti túmọ̀ wọn ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe ẹ̀rọ tó ní mẹ́rin àkọ́kọ́, tó sì kan pákó tirẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí láìsí sìkúrù, kò tíì wọ inú ààlà yẹn. Ẹ̀rọ méjèèjì lè jọra bí ìbejì lójú fọ́tò. Fọ́tò kò lè rí sìkúrù tó wà nínú. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé fífi ẹ̀rọ wé ẹ̀rọ kì í ṣe ìgbẹ́jọ́ páténtì. Gbólóhùn ni kí ẹ fi wé ẹ̀rọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má fo ọ̀kankan.

Ká sì wá ní sìkúrù náà kò sí nínú ìwé rẹ̀, mẹ́rin yòókù nìkan ló kọ. Ìyẹn kì í ṣe ìhùmọ̀ ẹnikẹ́ni lónìí. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Òṣòdì, tó ti wà láti 1956, àti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ti ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gàrí látọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Òfin wa ṣe kedere lórí èyí: ohun tí aráyé ti mọ̀ níbikíbi, nígbàkígbà, ìbáà jẹ́ nínú ìwé, ìbáà jẹ́ lẹ́nu, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ń lò ó, kì í ṣe ohun tuntun mọ́. A fẹ́ kí ẹ fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, “lẹ́nu” àti “lílò”. Òfin fúnra rẹ̀ gba ẹ̀rí ẹnu àgbà oníṣẹ́ irin, ó gba ẹ̀rí ìyá tó ti ń yan gàrí láti ìgbà tí wọ́n ń fi òkúta fún omi ẹ̀gẹ́ kí jáàkì tó dé. Bí ẹnìkan bá gba páténtì lórí bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rírin kan nínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó kù ú, kó tó dé orí iná, àwọn ìyá yìí ló yẹ kí kóòtù kọ́kọ́ pè. Wọn ò ní ìwé kankan, ṣùgbọ́n òfin kò ní kí wọ́n ní in.

Ààbò kan tún wà ní abala 6 tí a kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn lọ́yà tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó ti ń fi òótọ́ inú ṣe nǹkan náà ní Nàìjíríà kí onípáténtì tó fi ìwé sílẹ̀ l'Ábùjá, tàbí tó ti múra gidi láti ṣe é, lè máa ṣe é lọ, páténtì tàbí kò sí páténtì. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí ọjọ́. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí adájọ́ bi olùpẹ̀jọ́ ni ọjọ́ tó fi ìwé sílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó gba páténtì. Ìbéèrè kejì ni rìsíìtì owó ọdọọdún, nítorí páténtì tí wọn kò san owó rẹ̀ títí oṣù mẹ́fà ìfaradà fi kọjá ti kú. Ìbéèrè méjì yìí kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú iṣẹ́ wa, níbikíbi tí lẹ́tà yìí bá ti bá yín, ẹ máa tọ́jú rìsíìtì irin, ẹ máa kọ ọjọ́ sára àwòrán, ẹ jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ sí ìwé ìgbẹ́rù, ẹ má pa fọ́tò iṣẹ́ rẹ́ lórí fóònù, nítorí ọjọ́ tí wọ́n yà á wà nínú rẹ̀.

Olúwa wa, àwọn orílẹ̀-èdè tó ti ń gbọ́ ẹjọ́ yìí ṣáájú wa ti fi owó ńlá kọ́gbọ́n, kò sídìí tí a fi máa tún un rà. Ní 2006, ilé iṣẹ́ tó ni fóònù BlackBerry san mílíọ̀nù 612.5 dọ́là fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ NTP, nígbà tí ọ́fíìsì páténtì Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti ń tún páténtì wọ̀nyẹn yẹ̀ wò, tó sì ti ń kọ̀ wọ́n. Ìbẹ̀rù pé kóòtù á ti iṣẹ́ wọn pa ló mú wọn sanwó. Lọ́dún kan náà ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ eBay àti MercExchange pé jíjàre lórí páténtì kò túmọ̀ sí pé àṣẹ ìdádúró ti di dandan. Adájọ́ gbọ́dọ̀ wọn ìpalára ẹni méjèèjì àti ire ará ìlú wò. Ní Jámánì, kóòtù kan ní Düsseldorf tàbí Mannheim ló ń gbọ́ bóyá wọ́n rú páténtì, kóòtù mìíràn ní Munich ló ń gbọ́ bóyá páténtì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ sábà máa ń yára parí, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ ẹnìkan pa lórí páténtì tí Munich máa padà fagi lé. Ní 2021, wọ́n tún òfin wọn ṣe kí adájọ́ lè dá àṣẹ ìdádúró dúró bí ìpalára rẹ̀ bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa kò ní ìṣòro kóòtù méjì: abala 9 àti abala 25 òfin wa fi méjèèjì sí ọwọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀kan lónìí, kí ìkejì di ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń pẹjọ́ náà wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú kékeré kan ní Texas tó ń jẹ́ Marshall ni wọ́n ń kó ẹjọ́ páténtì lọ láti gbogbo Amẹ́ríkà, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dín in kù nínú ẹjọ́ TC Heartland ní 2017. Wọ́n tún kó lọ sí Waco, ìlú mìíràn ní Texas, sọ́dọ̀ adájọ́ kan ṣoṣo, àfìgbà tí adájọ́ àgbà agbègbè yẹn pàṣẹ ní 2022 pé kí wọ́n máa pín ẹjọ́ náà láàárín adájọ́ 12. Kóòtù yín wà ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá lè pe oníṣẹ́ irin Ìjẹ̀bú-Igbó lẹ́jọ́ ní ibi tó jìnnà sí i jù, wọn á pè é níbẹ̀.

Kì í sì í ṣe irin nìkan. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ṣàgámù àti Ìjẹ̀bú-Òde ń ṣe áàpù tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń dá àjọ lórí fóònù. Bí ẹnìkan bá gba páténtì pé òun ló húmọ̀ gbígba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kí wọ́n sì máa kó o ní ìkọ̀ọ̀kan, pé kọ̀ǹpútà ló kàn ń ṣe é, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wo ní Ìjẹ̀bú ni kò ní yà lẹ́nu? Nínú ẹjọ́ Alice àti CLS Bank ní 2014, Amẹ́ríkà ti sọ pé gbígbé èrò àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà lásán kò sọ ọ́ di ìhùmọ̀.

Agbára láti tún èyí ṣe wà lọ́wọ́ yín láìdúró de Ilé Aṣòfin. Abala 254 Òfin Ìpìlẹ̀ ní kí ẹ̀yin Adájọ́ Àgbà máa ṣe òfin ìlànà fún kóòtù yín. A ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ìlànà tuntun kan lélẹ̀ fún ẹjọ́ páténtì. Kí ẹnikẹ́ni má gba àṣẹ láti ti ṣọ́ọ̀bù tàbí kó ẹ̀rọ láìjẹ́ pé wọ́n ti fún olùjẹ́jọ́ ní ìwé ní ọjọ́ méje ṣáájú, àfi bí ẹ̀rí gidi bá wà pé ó fẹ́ ba ẹ̀rí jẹ́. Níbẹ̀ náà, kí wọ́n wọn ẹ̀rọ, kí wọ́n ya fọ́tò inú àti ìta rẹ̀, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Kí olùpẹ̀jọ́ fi tábìlì olópòó méjì sí ìwé ìpẹ̀jọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: gbólóhùn ààlà kọ̀ọ̀kan ní òpó kìíní, apá tó bá a mu lára ẹ̀rọ olùjẹ́jọ́ ní òpó kejì. Ẹni tí kò bá lè kún òpó kejì kò tíì ní ẹjọ́. Kí owó ìpalára tó ṣèlérí wà ní àkáǹtì kóòtù kí àṣẹ tó jáde. Kí ẹ gbọ́ ẹjọ́ níbi tí ṣọ́ọ̀bù olùjẹ́jọ́ wà, kí ẹ sì gbọ́ àwọn ìjókòó kéékèèké lórí fídíò, bí ẹ ti ṣe lásìkò Kòrónà ní 2020.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti àwọn olùgbaninímọ̀ràn. Òfin Páténtì ti fàyè gba adájọ́ láti jókòó pẹ̀lú amòye méjì nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ọrọ̀ ajé. Wọn kì í dájọ́, wọ́n kàn ń là á yé adájọ́ ni. A kò nílò láti wá wọn lọ sílẹ̀ òkèèrè: ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ wà ní Ìbógun, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Abẹ́òkúta, NCAM, ilé iṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ oko, wà nítòsí Ìlọrin. Kí ìpín kóòtù yín kọ̀ọ̀kan ní àkójọ orúkọ wọn, kí adájọ́ yan méjì ní ìjókòó àkọ́kọ́, kí kóòtù san owó wọn kó má baà di pé ẹni tó lówó jù ló yàn wọ́n. Òfin Ẹ̀rí 2011 sì gba kóòtù láàyè láti lọ wo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Láti ṣí ẹ̀rọ kan, yọ ìdérí rẹ̀, wọn àlàfo iwájú ìlù, wo bóyá sìkúrù wà níbẹ̀ tàbí kò sí, kò gba wákàtí kan.

Lọ́jọ́ tí adájọ́ yín bá fẹ́ wá wò ó, a máa ti tú ẹ̀rọ sílẹ̀ dè é, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú irin ìwọ̀n lórí tábìlì.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
àwọn oníṣẹ́ irin àti lọ́yà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ